Ta Ni Ojú Rẹ̀ Là?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí à ń gbọ́ ní Mushin, Yaba àti Súrùlérè tí ó ń dùn wá: "Ọmọ ilé-kéwú ni, ojú rẹ̀ kò tíì là."

Kí ni kí ojú là? Bí ajá bá bímọ, ojú àwọn ọmọ náà kì í là lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí ó bá là ni wọn yóò ríran. Láti ibẹ̀ ni a ti ń pe ẹni tí ó mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní ọ̀làjú. Ta ni ó wá sọ ọ́ di ti gẹ̀ẹ́sì nìkan?

Ẹ wo ìtàn Súrátù Abasa. Afọ́jú ni Abdullahi ọmọ Ummu Maktum. Ó wá ìmọ̀ wá sọ́dọ̀ Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nígbà tí Ànábì ń bá àwọn ọlọ́lá Kùráíṣì sọ̀rọ̀. Ọlọ́hun fi hàn pé ẹni tí ń wá ìmọ̀ ni ó yẹ kí a dojú kọ. Àwọn ọlọ́lá náà ríran, ojú wọn kò là. Afọ́jú yìí ni ojú rẹ̀ là, òun náà sì pe ìrun ní Mẹ̀dínà.

Ṣùgbọ́n kí á má tan ara wa jẹ. Láti 1962 ni àwọn Kátólíìkì ti ní ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú Pacelli ní Súrùlérè, tí àwọn ọmọ ti ń fi ìka kàwé. Ilé-kéwú wa mélòó ni ó ń gba ọmọ afọ́jú?

Àwọn baba wa kan sá fún ìwé nítorí ẹ̀rù pé ọmọ yóò kúrò nínú ẹ̀sìn. Ní 1896 ìjọba ṣí ilé-ìwé fún ọmọ Mùsùlùmí l'Ékòó. Ní 1923 a dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, kí ọmọ lè kàwé láìsọ ẹ̀sìn nù. Àwọn wọ̀nyẹn rí i pé méjèèjì ni ìmọ́lẹ̀.

Nítorí náà, àwa olùkọ́ kéwú, bí ọmọ bá lo ọdún mẹ́fà nídìí wàláà tí kò mọ ìtumọ̀ Fátíhà, a kò là á lójú. Ẹ̀yin òbí, ẹ ń sáré san owó lẹ́sìn, owó Àlàrùbá sì ń di gbèsè. Ojú kan ṣoṣo ni ẹ ń là fún ọmọ yín.

Kí Ọlọ́hun la ojú inú wa. Àmín.