Wọ́n Ní Òun Kò Lágbára, Wọ́n Ní Àwa Kò Lọ́pọlọ

Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀ lónìí. Ẹ fi sùúrù kà á, kí ẹ tó bú mi.

Ní Sátidé tó kọjá, a jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ mi kan, àwa olùkọ́ mẹ́ta àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, ọ̀rọ̀ basket la ń sọ, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan dárúkọ Jeremy Lin, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn òbí rẹ̀ ti Taiwan wá, tó fẹ̀yìn tì kúrò nínú eré náà ní 2025. Ọ̀dọ́kùnrin kan fọwọ́ dà á nù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ariwo àwọn oníròyìn lásán nìyẹn. Torí pé Ṣinwá ni wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Ṣinwá kò lè gbá basket, ìṣirò ni tiwọn." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Èmi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò dáhùn. Mo gbé e lọ sílé, kò jẹ́ kí n sùn. Ìdáhùn tó yẹ kí n fún ọmọ yẹn lójú agbo ni mo ń kọ yìí.

Ariwo, àbí? Níbo ni ariwo náà wà ní 2006? Lọ́dún yẹn, Lin, tí wọ́n bí ní California ní 1988, ni balógun ẹgbẹ́ basket ilé-ẹ̀kọ́ girama Palo Alto, wọ́n sì gba ife ìpínlẹ̀ California ní ìpele tiwọn. Ọmọ tó bá ṣe irú èyí ní Amẹ́ríkà, àwọn yunifásítì ńláńlá a máa du ara wọn láti fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré rẹ̀. Ẹyọ kan kò wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi fídíò eré rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri. Harvard ló lọ nígbẹ̀yìn, ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í fún ẹnikẹ́ni lówó nítorí eré ìdárayá. Bó sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà, àwọn òǹwòran kan ń kígbe sí i pé kó la ojú rẹ̀, pé kó padà sí Ṣáínà. Ọmọ tí wọ́n bí sí California! Taiwan sì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, kì í ṣe Ṣáínà. Ṣùgbọ́n lójú wọn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, bí òyìnbó kan ṣe máa ń rò pé Kútọnu àti Nairobi wà ní ojúlé kan náà.

Ní 2010, àwọn ẹgbẹ́ NBA yan agbábọ́ọ̀lù tuntun 60. Lin kò sí níbẹ̀. Golden State Warriors gbà á lẹ́yìn náà, wọ́n sì jù ú sílẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2011. Houston Rockets mú un, àwọn náà jù ú sílẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kan náà, nígbà tí ọ̀la jẹ́ Kérésìmesì. New York Knicks ló wá he é. Wọ́n fi í sórí bẹ́ǹṣì. Orí àga gbọọrọ nínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sùn. Kò sí oníròyìn kankan tó wá wò ó níbẹ̀.

Knicks wá borí lẹ́ẹ̀mẹjọ, wọ́n sì pàdánù lẹ́ẹ̀mẹẹ̀dógún. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kejì 2012, Mike D'Antoni tó ń kọ́ wọn kò rí ẹlòmíràn lò mọ́, ó ju Lin wọlé. Pọ́ìntì 25. Eré kejì, ó jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀: 28. Ẹ̀kẹta: 23. Ní ọjọ́ 10, Kobe Bryant àti Lakers wá sí New York. Kobe ní 34, Lin ní 38. Ní ọjọ́ 14, ní Toronto, nígbà tó ku ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kí eré parí, bọ́ọ̀lù tó jù láti òkèèrè wọlé, Knicks borí. Eré méje léra wọn ni wọ́n fi borí. Nínú eré márùn-ún àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, pọ́ìntì 136 ló kó jọ, láti ìgbà tí NBA àti ABA ti parapọ̀ ní 1976, kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn rí. Ìgbà yẹn ni ariwo dé. Ẹni tó bá ní ariwo ló gbé e dé ibẹ̀ ti ki kẹ̀kẹ́ ṣáájú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń fà á.

Irú ariwo wo sì ni? Ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù náà, Knicks pàdánù, Lin sì sọ bọ́ọ̀lù nù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ESPN, ilé-iṣẹ́ ìròyìn eré ìdárayá tó tóbi bẹ́ẹ̀, kọ àkọlé kan sórí fóònù àwọn ènìyàn. Òwe Gẹ̀ẹ́sì ni, ó túmọ̀ sí pé ihò wà lára ẹ̀wù irin jagunjagun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dúró fún ihò yẹn ni èébú tí wọ́n fi ń bú àwọn ọmọ Ṣáínà ní Amẹ́ríkà láti ayébáyé. Ìṣẹ́jú bí 35 ló lò kí wọ́n tó yọ ọ́. Wọ́n lé ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n dá ẹlòmíràn dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ilé-iṣẹ́ Ben & Jerry's ní Boston ṣe yógọ́ọ̀tì dídì kan ní orúkọ rẹ̀, wọ́n fọ́ bisikíìtì tí ilé oúnjẹ Ṣáínà ní Amẹ́ríkà máa ń pín sínú rẹ̀; àwọn náà tọrọ àforíjì. Bisikíìtì kan náà ni wọ́n pín fún òǹwòran ní Miami ní 2002 nígbà tí Yao Ming kọ́kọ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ní Ṣáínà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ bisikíìtì ọ̀hún rárá?

Àwọn wọ̀nyí hàn sójú, wọ́n sì tọrọ àforíjì lórí wọn. Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ ni èyí tí kò hàn. Daryl Morey, tó jẹ́ ọ̀gá Houston tó ju Lin sílẹ̀, gbà á lẹ́nu ara rẹ̀ nínú ìwé kan tí Michael Lewis tẹ̀ jáde ní 2016. Ìṣirò kọ̀ǹpútà tiwọn gan-an ti fi Lin hàn pé ó tó mú nígbà ìyàn 2010. Wọn kò mú un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ìyára ara rẹ̀, wọ́n rí i pé ìṣísẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ yá ju ti gbogbo ẹni tí wọ́n ti wọ̀n lọ, ó sì ń yí padà lórí eré kíákíá ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbábọ́ọ̀lù NBA. Síbẹ̀, gbogbo wọn, òun náà pẹ̀lú, wo ọmọ yìí, wọ́n sọ pé ara rẹ̀ kò yá. Morey ní òun kò rí ìdí mìíràn tí òun lè tọ́ka sí ju pé ọmọ Éṣíà ni.

Ẹ tún un kà. Àwọn tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn jẹ́ kí wọ́n wo ẹni tó ń sáré, kí wọ́n sọ bóyá ó yára. Ó ń sáré níwájú wọn. Wọn kò rí i.

Nígbà tí wọ́n wá rí i, ẹ gbọ́ ìyìn tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n fún un: pé ó lọ́gbọ́n, pé ó ń ṣiṣẹ́ kára, pé ìyára rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń tan ojú jẹ. Ó ń tan ojú ta ni jẹ? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló purọ́ ni, àbí ojú tí ń wò ó? Ọmọ aláwọ̀ dúdú tó bá sáré báyẹn, wọn a ní ó yára, wọn a sì dákẹ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ Faransé, ẹ rántí Willy Sagnol, tó ń kọ́ ẹgbẹ́ Bordeaux ní 2014. Ó sọ̀rọ̀ nípa agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà bí òun ṣe rí i: owó rẹ̀ kò wọ́n, ó ṣe tán láti jà, ó lágbára. Ó wá fi kún un pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe ti agbára nìkan, pé ó tún gba òye, ọgbọ́n àti ìwà létòlétò. Gbogbo wa bínú nígbà náà. Ní 2020, RunRepeat, ilé-iṣẹ́ Denmark kan, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ́tí sí àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórí eré bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ 80 láti líìgì Ítálì, Sípéènì, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Gbólóhùn 2,073 ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú ìyìn tó jẹ mọ́ ọgbọ́n, ó lé ní 62 nínú 100 tó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí àwọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Tó bá kan agbára ara, ọ̀rọ̀ náà máa ń bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí àwọ̀ wọn dúdú ní ìlọ́po mẹ́fà àti ààbọ̀.

Ẹni tó sọ pé Lin lọ́pọlọ ṣùgbọ́n kò lágbára, òun náà ló sọ pé àwa lágbára ṣùgbọ́n a kò lọ́pọlọ. Òǹkà kan náà ni, wọ́n kàn yí i padà fún wa ni. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Nígbà tí ọmọ Sátidé yẹn ní "ìṣirò ni tiwọn," ṣé ó mọ ohun tó fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀?

Ohun tó dùn mí jù ni àwọn ẹni wa. Shaquille O'Neal ló sín èdè Ṣáínà jẹ ní 2002 láti fi Yao Ming ṣe yẹ̀yẹ́. Jason Whitlock, oníròyìn aláwọ̀ dúdú, ní alẹ́ tí Lin ní pọ́ìntì 38, ọ̀rọ̀ rírùn nípa ohun tó wà lábẹ́ ṣòkòtò ọmọ Éṣíà ló kọ. Àwọn méjèèjì tọrọ àforíjì. Ní 2017, Kenyon Martin fi Lin ṣẹ̀sín torí pé ó di irun rẹ̀ ní dàda. Ó ní kí ẹnì kan rán an létí orúkọ bàbá rẹ̀. Lin dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé òun rí i pé Martin fín ọ̀rọ̀ Ṣáínà sára, pé ọ̀wọ̀ ni òun ka ìyẹn sí. Ta ni àgbà nínú àwọn méjèèjì?

Floyd Mayweather ló sọ ohun tí ọmọ Sátidé ń tún sọ: pé torí Lin jẹ́ ọmọ Éṣíà ni gbogbo ariwo, pé àwọn aláwọ̀ dúdú ń ṣe é lálaalẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í yìn wọ́n. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀, n kò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá yìn ọ́, àwọn tí kò yìn ọ́ ni kí o dojú kọ. Lin kò gba ìyìn ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn á ní, ẹni tí Houston padà wá fún ní adéhùn mílíọ̀nù 25 dọ́là fún ọdún mẹ́ta, kí ló ń sunkún sí? Owó kì í ṣe omi tí a fi ń fọ èébú. Fídíò kan tún jáde ní 2016 tó kó àwọn ibi tí wọ́n ti gbá a lójú, tí wọ́n ti tì í lulẹ̀ jọ, tí rẹfirí kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. NBA ní àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn kò rí ojúsàájú. Èmi kò lè búra lórí ìyẹn, torí náà n kò ní gbé e lé ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ Morey tó mi.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Àwọn ọmọ Ṣáínà ló bá wa kọ́ pápá ìṣeré ńlá Kútọnu, tí a ń ki àyà láti wọ̀ lọ wo eré. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń kọjá ní ọjà wa, kí ni àwọn ọmọ wa ń ké lé e lórí? Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, "hin-hon, hin-hon". Àwa àgbà jókòó, à ń rẹ́rìn-ín.

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí kò mọ́. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọmọbìnrin Fúlàní kan wà ní kíláàsì mi. Ó gba 18 nínú 20 nínú ìṣirò. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, iwé ta ló wò? Mo pè é síwájú pátákó, mo fún un ní òmíràn lójú gbogbo kíláàsì. Ó ṣe é. Mo tún fún un ní èyí tó le jù. Ó ṣe é. Ọmọ méjì mìíràn wà tó gba ju 16 lọ lọ́jọ́ náà, n kò pe ẹnì kankan nínú wọn. Bó ti ń padà sí àyè rẹ̀, kò wò mí lójú, títí ọdún fi parí ni kò sì fi nawọ́ sókè ní kíláàsì mi mọ́. Tó bá sì di ti eré sísá, èmi kan náà ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ Fúlàní sílẹ̀, láì tíì rí wọn kí wọ́n sáré. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀, wọ́n ti kó lọ sí apá àríwá kí n tó ní ọgbọ́n láti bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, a ó yan àwọn tí yóò gbá basket fún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Títí di ọdún tó kọjá, a máa ń to àwọn ọmọ lẹ́sẹẹsẹ ni, a ó fi ojú wò wọ́n, a ó tọ́ka sí àwọn tó ga. Mo ti sọ fún olùkọ́ eré ìdárayá pé kó mú aago wá, kí gbogbo wọn sáré, kí gbogbo wọn ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí èmi máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ Sátidé yẹn, àbúrò rẹ̀ wà nínú wọn. Ó kúrú.