Ǹjẹ́ Irọ́ Ni Láti Sọ Igi Tuntun Di Ògbólógbòó?



Àwọn kan láàrin wa ń wí pé kò yẹ kí olùkọ́ tí ń ṣe àwòṣe ilé kékeré fún ẹ̀kọ́ ìtàn sọ igi tuntun di ògbólógbòó. Wọ́n ní irọ́ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí irọ́ ti ń wọlé.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro. A ó rẹ ìṣó tí ó ti dípẹtà sínú ọtí kíkan fún ọjọ́ mélòó kan. A ó fi omi tíì tí ó ki pa igi lára. Nígbà tí ó bá gbẹ, a ó fi omi ìṣó náà pa á. Oje kíkorò inú tíì, irú èyí tí ń bẹ nínú èèpo igi tí a fi ń ṣe awọ, yóò pàdé irin, igi yóò sì di aláwọ̀ eérú tàbí dúdú.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan kò tó. Bí ínǹṣì 1 bá dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 1, ojú ibi tí ó là tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì yóò di ínǹṣì kan ààbọ̀: eku yóò gba ibẹ̀ kọjá! Níbo ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀? Níbo ni ọwọ́ ń dì mú? Níbo ni òjò ń ta sí? Ẹ̀kọ́ ìtàn gan-an ni ìbéèrè wọ̀nyí.

Nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ni dánra wò, mo gbé irú ilẹ̀kùn kékeré bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ya àwọn ọmọ; inú mi dùn, mo sì dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì, bàbá àgbà ọmọ kan wá, ó ní, “Tíṣà, ilé ta ni ẹ ti rí ohun àwọn baba wa yìí?” Mo ní, “Bàbá, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.” Bàbá rẹ́rìn-ín, ọmọ ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ọtí kíkan kọ́ ni ó purọ́, ìdákẹ́jẹ́ mi ni. Ẹni tí ó pa ère tuntun láró, tí ó sì tà á fún àlejò bí ohun àtijọ́, olè ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì wà láàrin iṣẹ́ tirẹ̀ àti tiwa. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti ọdún rẹ̀ sí abẹ́ àwòṣe gbogbo. Èyí kò ní dín ẹ̀kọ́ náà kù. Yóò fi kún un, nítorí àwọn ọmọ yóò béèrè bí a ti ṣe é.