Ilé Ẹjọ́ Dá Wọn Láre, Àmọ́ Máàkì Ò Tíì Dọ́gba

Ẹni tó bá ń wá olùkọ́ kan tó mọ̀ọ́mọ̀ ń fi máàkì du ọmọ aláwọ̀ dúdú nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè wá a tì. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà.

Ní 1979, ẹnì kan nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn St George's, Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa ṣa orúkọ àwọn tó fẹ́ wọlé. Ó ní kó máa ṣe bí àwọn ọ̀gá ti ń ṣe é bọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n ṣe jù: orúkọ tí kò bá jọ ti òyìnbó pàdánù máàkì, àwọn obìnrin pàápàá pàdánù tiwọn. Ìwádìí tó jáde ní 1988 fi hàn pé ó lè tó 60 ènìyàn lọ́dún tí wọn ò pè wá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nítorí èyí. Ohun tí ọ̀gá kankan kò ní jẹ́wọ́, ẹ̀rọ ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbàwọlé, ìdánwò ló kàn. Ní 2013, àwọn olùwádìí Aneez Esmail àti Chris Roberts yẹ ìdánwò dókítà ìdílé wò, èyí tí òṣèré ti máa ń ṣe bí aláìsàn. Láàárín àwọn tó kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ewu kí ẹni tí kì í ṣe òyìnbó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kíní ju ìlọ́po mẹ́ta ti òyìnbó lọ, bí máàkì wọn nínú ìdánwò àkọsílẹ̀ tilẹ̀ dọ́gba. (Ti àwọn tó kàwé ní ilẹ̀ mìíràn kí wọ́n tó dé Gẹ̀ẹ́sì, tó fi mọ́ àwọn ọmọ tiwa tó jápa, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.) Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọ Íńdíà pe kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń ṣe ìdánwò náà lẹ́jọ́. Ní 2014, Adájọ́ Mitting dá kọ́lẹ́ẹ̀jì láre, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé àkókò tó kí wọ́n wá nǹkan ṣe.

Àwọn agbèjà ìdánwò máa ń sọ pé àlàfo yìí wà nínú ìwé tí ẹ̀rọ ń máàkì pàápàá. Òótọ́ ni, àkójọ ìwádìí tí Katherine Woolf àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011 sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìyẹn ò wẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó ń fà á ti bẹ̀rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, kó tó dé gbọ̀ngàn ìdánwò. Woolf kan náà ti rí i ní 2008 pé àwọn olùkọ́ ti gbà lọ́kàn pé ọmọ Éṣíà mọ̀wé, kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ta ló máa pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ síwájú kó wá bá aláìsàn sọ̀rọ̀? Bí a ò bá sì pè é, níbo ni yóò ti kọ́ ọ?

Nítorí náà, fífi nọ́ńbà dípò orúkọ lórí ìwé ìdánwò ò tó. GMC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣèlérí pé ìyàsọ́tọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn yóò dópin ní 2031. Kí wọ́n jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa tẹ máàkì jáde lọ́dọọdún ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, kí ó sì sọ ìdí tí àlàfo fi wà. Èyí tí kò bá rí àlàyé ṣe, kí wọ́n dín iye akẹ́kọ̀ọ́ tó lè gbà kù.