Ẹ Yé Fajúro sí Àgbà, Ẹ Sọ̀rọ̀

Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, ni àwọn baba wa wí. Ìyá a ṣẹ́jú sí ọmọ níwájú àlejò, ọmọ tí a kọ́ a sì fi ẹran inú àwo sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ gbangba pé àwa ọmọ ń lò ó nílòkulò fún àwọn tí wọ́n fi kọ́ wa.

Ẹ wo Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó ní Alímòṣọ́. Òṣìṣẹ́ a jáde nílé ní ìdájí, a ti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wọlé ní alẹ́. Ìyá rẹ̀ àgbà, tí ó ti ìlú wá bá a tọ́mọ, ń dúró dè é. Ó wọlé, ó fajúro, kò fọhùn. Ìyá ń rẹ́rìn-ín, ó ń ròyìn ọjà. Ni ọmọ bá fi ìbínú wọ yàrá: "Màmá kò láàánú!" Aládùúgbò a ní, "Wọ́n ti ń ṣarán." Ẹlòmíràn a tilẹ̀ pè wọ́n ní àjẹ́.

Irọ́ ni! Ní 2008, Ted Ruffman ti Yunifásítì Otago ní New Zealand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ. Wọ́n rí i pé àgbàlagbà kì í dá ìbínú, ìbànújẹ́ àti ìbẹ̀rù mọ̀ lójú ènìyàn tó bí ọ̀dọ́ ti ń dá wọn mọ̀. Bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni iwájú ọpọlọ ń súnkì. Ìyẹn kì í ṣe arán. Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí wádìí arán ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, ní 1992. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà ẹni ọdún 65 sókè níbẹ̀, àwọn tí arán ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún kan kò pé méjì. Ṣé gbogbo ìyá Alímòṣọ́ ni ó wá ń ṣarán?

Ẹnìkan yóò ní, "Àgbà kò ha mòye mọ́ bí?" Ó mòye! Àwòrán ojú àjèjì tí kò fọhùn ni a sábà fi ń dán wọn wò. Bí ohùn àti ọ̀rọ̀ bá bá ojú rìn, ìyàtọ̀ náà a dín kù. Àánú kò tán nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ la ẹnu yín: "Màmá, inú mi bàjẹ́ lónìí." Ẹ ó rí i bí ẹ̀rín yóò ti kúrò lẹ́nu wọn, tí wọn yóò sì fà yín mọ́ra. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.