Ẹ Má Tíì Pa Ohùn Àwọn Àgbà Rẹ́

Bí kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi tí a kó ohùn àwọn apohùn sí bá ní òun ti kún, kíá ni ọ̀pọ̀ wa máa ń pa fáìlì rẹ́. A kò fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá ṣe àdàkọ káàdì 8GB sórí 32GB, ìwọ̀n 8GB yẹn náà ni yóò ṣì máa lò. Ìyókù wà bí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ro. Ẹ tẹ lsblk, ẹ ó rí i. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohùn náà síbòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ sudo raspi-config, ẹ yan Advanced Options, kí ẹ yan Expand Filesystem, kí ẹ sì tún un tàn. Káàdì wà lọ́jà. Ohùn àgbà tó ti kú kò sí níbẹ̀.