Èèyi Kì Í Fún Ọmọ Lókun

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí oòrùn sì ń mú ganrínganrín, ni èèyi máa ń yọjú. Ní Ìmẹ̀sí-Lásìgidi, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìṣẹ̀ àti ní Ẹmùré, kò sí ìyá tí kò dá a mọ̀. Ojú ọmọ á pọ́n koko, imú á máa dà, ikọ́ gbígbẹ á máa wú u, ara á gbóná fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni ara á wá sú, láti ẹ̀yìn etí, á gba ojú, á sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Wọ́n á ránṣẹ́ sí adẹ́mu. Ẹmu àárọ̀ tí kò tíì kan ni wọ́n á fi wẹ ọmọ náà, wọ́n á sì fún un mu díẹ̀ kí èèyi lè yọ síta dáadáa. Ìyá àgbà tó jókòó tì í á wá sọ ọ̀rọ̀ tí ìwé pẹlẹbẹ yìí dìde láti takò: "Ẹ jẹ́ ó ṣe é. Gbogbo ọmọ ló ń ṣe é. Tó bá ti ṣe é tán, ara rẹ̀ á le."

Ara ọmọ kì í le lẹ́yìn èèyi. Rírọ̀ ló máa ń rọ̀, ó sì lè rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì sí mẹ́ta.

Òótọ́ kan wà nínú ìgbàgbọ́ náà o, ìyẹn ló sì jẹ́ kó pẹ́ láyé. Ẹni tó bá ṣe èèyi tó sì là á já kì í sábà ṣe é mọ́. Dókítà Peter Panum, ọmọ Denmark, rí i kedere ní ọdún 1846, nígbà tí èèyi jà ní erékùṣù Faroe lẹ́yìn ọdún 65 tí wọn kò ti gbúròó rẹ̀. Nínú nǹkan bí 7,800 ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀, ó lé ní 6,000 tó mú. Àwọn arúgbó tó ti ṣe é ní 1781 ń rìn kiri láàárín àwọn aláìsàn, kò mú wọn. Ara wọn kò gbàgbé. Ohun tí àwọn ìyá àgbà Ékìtì ṣàkíyèsí náà nìyẹn, wọn kò sì ríran òdì. Àṣìṣe wọn bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti rò pé ara tó ti mọ èèyi ti mọ gbogbo àrùn yòókù.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ ni ara rẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ẹnu. Ọ̀fìnkìn mú un lónìí, inú rẹ̀ ṣí lọ́túnla. Ìgbàkúùgbà tí kòkòrò kan bá wọlé, ẹ̀jẹ̀ funfun á kọ́ bí ojú rẹ̀ ṣe rí, á sì rọ ohun ìjà tó bá òun nìkan mu. Tí ìjà bá parí, díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ funfun náà kì í kú. Wọ́n á forí pamọ́ sínú mùdùnmúdùn egungun, àti sínú àwọn kókó tó máa ń wú lọ́rùn àti lábẹ́ abíyá nígbà àìsàn. Wọ́n dà bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú lóru, tó mọ ojú olè kọ̀ọ̀kan. Bí olè náà bá padà wá lẹ́yìn ogún ọdún, kò ní ráyè dé ìloro kí wọ́n tó mú un.

Àwọn ọdẹ wọ̀nyí gan-an ni èèyi ń kọlù. Afẹ́fẹ́ tí ọmọ ń mí ló ń gbé kòkòrò rẹ̀ wọ imú àti ọ̀nà ọ̀fun, níbi tí ẹ̀jẹ̀ funfun ti ń ṣọ́nà. Kòkòrò náà á dì mọ́ ọ, á wọ inú rẹ̀, á sì gùn ún dé àwọn kókó níbi tí àwọn yòókù kóra jọ sí. Ibẹ̀ ló ti ń pa wọ́n ní ìpakúpa. Ara á sapá, á rọ ohun ìjà tuntun, á ṣẹ́gun. Àwọn ọdẹ tó mọ èèyi á wá pọ̀ nílùú. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn àgbà ọdẹ tó mọ òtútù àyà, tó mọ ìgbẹ́ gbuuru, ti bógun lọ.

Ní 2019, Michael Mina, Stephen Elledge àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó wà ní Harvard gbé ẹ̀rí rẹ̀ jáde. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ 77 ní orílẹ̀-èdè Netherlands ni wọ́n yẹ̀ wò, àwọn ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn kí èèyi tó mú wọn, wọ́n tún gbà á lẹ́yìn tó lọ tán. Ohun ìjà tí ara wọn ti rọ sílẹ̀ de àwọn àrùn mìíràn ti dín kù: ti ọmọ kan fi 11 nínú ọgọ́rùn-ún dín, ti òmíràn fi 73. Irú àdánù bẹ́ẹ̀ kò sí lára àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́.

Kò tilẹ̀ dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá dé Netherlands kó tó rí ẹ̀rí. Ìmẹ̀sí méjì ló wà. Lásìgidi wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gbọ̀nyìn l'Ékìtì. Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní Obòkun, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìmẹ̀sí-Ilé ni Dókítà David Morley, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, ní 1956, ti ń tọpa àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí wọn. Wọ́n á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á fi àmì sí káàdì, ìyá á sì mú káàdì náà lọ tọ́jú nílé. Bí ọmọ ṣe ń jẹun tó ń dàgbà, ilà orí káàdì á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Tí èèyi bá dé, ilà á já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ á kọjá kó tó padà síbi tó wà. Bó bá jẹ́ pé èèyi ń mú ara le, orí káàdì yẹn ni ìbá ti hàn. Èèyi wà lára àwọn àrùn tó ń pa ọmọdé jù lágbègbè náà, ìdí nìyẹn tí Morley fi pe Samuel Katz, tó ń bá John Enders ṣiṣẹ́ lórí abẹ́rẹ́ èèyi ní Boston, láti gbé e wá dán wò ní 1960, ọdún mẹ́ta kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i.

"Àwa ṣe é, a kò kú." Ẹni tó wà láàyè ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kú kò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí. Agboolé tí ọmọ mẹ́ta bá ti kú tẹ̀léra, àbíkú ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n á sì sọ èyí tó kù ní Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́. Ọmọ tí òtútù àyà pa ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn èèyi ńkọ́? Òtútù àyà ni gbogbo ilé ní ó pa á. Kò sẹ́ni tó ka ikú náà sí èèyi lọ́rùn. Kí abẹ́rẹ́ tó dé, ọmọ bíi mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ni èèyi ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún; ní 2023 pàápàá, ó ṣì pa ju 100,000 lọ.

Ẹmu kì í pa kòkòrò èèyi. Ọmọ tí ibà ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ kò nílò ọtí. Ọmú, omi, ògì àti oúnjẹ gidi ló nílò, pẹ̀lú ẹyin àti ẹja tí àwọn ilé kan ń kà léèwọ̀ fún un. Èyí tó dunni jù ni omi ewé àti àdí tí wọ́n ń kán sí ojú tó ti pọ́n. Ojú ọmọ ti fọ́ báyẹn rí, tí wọ́n sì ní èèyi ló fọ́ ọ. Fítámì A tí nọ́ọ̀sì ń fún ọmọ lẹ́nu fún ọjọ́ méjì tẹ̀léra ló ń dáàbò bo ojú náà, ó sì ń dín ikú kù.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń fi ojú èèyi han àwọn ọdẹ láìpa wọ́n. Kòkòrò inú rẹ̀ wà láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n ti sìn ín títí agbára rẹ̀ fi rọ̀. Ara ọmọ ilé-ìwé kan nítòsí Boston, David Edmonston, ni wọ́n ti gba ìpilẹ̀ rẹ̀ ní 1954. Ní bí ọjọ́ 7 sí 12 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ara ọmọ mìíràn á gbóná díẹ̀. Ìyá á fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ẹ̀rù á bà á. Ẹ̀kọ́ ni ara náà ń kọ́ lọ́wọ́.

Oṣù 9 ni wọ́n ń fún ọmọ ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé ohun ìjà tí ìyá fún un láti inú oyún lè pa kòkòrò abẹ́rẹ́ bó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọmọ 100 tó gbà á lóṣù 9, ó tó 15 tí ara wọn kì í kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀kejì fi wà lóṣù 15. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń fi í sílẹ̀. Ọmọ ti ń rìn, ó ti ń sáré, iṣẹ́ oko ti wọlé, wọ́n sì gbà pé ọ̀kan ti tó. Kò sí àmì kankan lára ọmọ tó lè sọ fún ìyá rẹ̀ bóyá ó wà nínú 85 tàbí nínú 15.