Gbogbo wa la jẹ́ ọ̀gá níbì kan

Tí wọ́n bá ti dárúkọ oore ṣíṣe lórílẹ̀-èdè yìí, owó ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ẹni tí kò ní á ní kí Ọlọ́run ṣe é fóun ná, aráyé á rí bí òun á ṣe máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tó ní á ra ìrẹsì, á pe oníkámẹ́rà, á to àwọn ìyá arúgbó sórí ìlà, á wá gbé fídíò ẹ̀ sórí Facebook. Mi ò bá a jà o. Ìrẹsì tí wọ́n yà ní fídíò náà ń yó èèyàn. Ṣùgbọ́n oore tí mo fẹ́ sọ lónìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló wọ́n jù láàárín wa.

Kò sẹ́ni tí kì í ṣe ọ̀gá níbì kan. Kọ̀ńdọ́tọ̀ tí gbogbo ayé ń bú, ọ̀gá ni lórí ṣénjì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá wù ú, á wá ṣénjì fún ìyá tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀jọ́ta. Tí kò bá wù ú, á so ìyá náà pọ̀ mọ́ ọmọkùnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí, á ní kí àwọn méjèèjì lọ pín ẹgbẹ̀rún kan náírà láàárín ara wọn, ọkọ̀ á sì ti lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ọ̀gá ni. Ẹni tó ń pín káàdì ní ọsibítù, akọ̀wé tó jókòó sẹ́yìn fèrèsé, ọmọbìnrin tó ń ka owó ní báǹkì, lándílọ́ọ̀dù, àǹtí tó gba ọmọ ọ̀dọ̀ sílé, ọ̀gá ni gbogbo wọn, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni mo ń bá wí.

Òfin ni mo kà, iṣẹ́ náà sì máa ń gbé mi dé ibi tí aráàlú ti ń tò síwájú fèrèsé. Lọ́dún tó kọjá, mo wà ní ọ́fíìsì ìjọba kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, níbi tí màmá kan ti wá torí owó ìfẹ̀yìntì ọkọ wọn tó ti dolóògbé. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ò tíì lù tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó gba fáìlì lọ́wọ́ wọn ṣí i, ó wò ó, ó pa á dé, ó ní kí wọ́n lọ jókòó. Aago méjì ọ̀sán ti kọjá kó tó pè wọ́n pé ìwé ẹ̀rí ikú tí wọ́n mú wá, ẹ̀dà ni, ojúlówó lòun fẹ́ rí. "Mama, ẹ máa lọ, kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó ti rí i láti aago mẹ́sàn-án o! Kò sí nǹkan tuntun kankan tó wọ inú fáìlì yẹn. Màmá ò jà, wọn ò bú u. Wọ́n kàn tú etí ìró wọn, wọ́n ń ka owó ọkọ̀ tó kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo, "Ẹ̀dà lẹ mú wá, mama, ojúlówó la fẹ́," tó bá ti jáde lẹ́nu ọkùnrin yẹn láàárọ̀, màmá ì bá ti padà sílé kí oòrùn tó mú. Kò ní rú òfin ìjọba kankan, kò ní ti ẹnikẹ́ni kúrò lórí ìlà, kò ní yọ nínú owó oṣù ẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ tó bọ́ sákòókò lásán ni.

Ní fèrèsé kejì, ọmọbìnrin kan wà tí ọjọ́ orí ẹ̀ ò lè ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Gbogbo ẹni tí ìwé ẹ̀ ò bá pé ló ń kọ èyí tó kù sínú ìwé pélébé fún, ní Yorùbá, á tún kà á sí wọn létí. Ó sọ fún bàbá kan pé, "Èèyàn mọ́kàndínlógún ṣì wà níwájú yín, bàbá, ẹ lọ wá nǹkan jẹ kẹ́ ẹ padà wá." Ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n wà, ooru kan náà ló ń mú àwọn méjèèjì, torí iná ti lọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ ìmọ̀ òfin ní Nàìjíríà ló mọ ẹjọ́ Donoghue àti Stevenson. Lọ́dún 1928, nílùú Paisley ní Scotland, obìnrin kan mu ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ó ní òkú ìgbín tó ti jẹrà ló jáde látinú ìgò ẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1932, adájọ́ tó ń jẹ́ Lord Atkin gbé ìbéèrè inú Bíbélì kalẹ̀: ta ni aládùúgbò mi? (Amòfin ló béèrè ẹ̀ nínú Bíbélì náà, ẹ ò rí i pé iṣẹ́ wa ti pẹ́.) Èsì tí adájọ́ fún un ni pé kó o ṣọ́ra kó o má ṣe ohun tó máa pa aládùúgbò ẹ lára. Ibẹ̀ ló parí sí. Òróró àti wáìnì tí ará Samáríà dà sójú ọgbẹ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó gbé e gùn, kò sí nínú ẹ̀. Òfin tiwa náà, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti jogún púpọ̀ nínú ẹ̀, kì í sábà mú ẹni tó kàn dúró tó ń wòran.

Ibi tó ti kọjá ibẹ̀ ò pọ̀. Òfin ìlera ti ọdún 2014, ní abala 20, sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera kankan ò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 100,000 náírà sì wà fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ọdún 2017 tún ní kí gbogbo ọsibítù gba ẹni tí ìbọn bà, bó mú ìwé ọlọ́pàá wá o, bí kò mú un wá o, bó lówó lọ́wọ́ o, bí kò ní o. Òfin tó dáa ni méjèèjì. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé ẹni tó fara pa dé lóru, kì í ṣe òfin ló máa kọ́kọ́ pàdé, kì í ṣe dókítà. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ni. Ṣé á sáré ṣí i ni, àbí á kọ́kọ́ máa béèrè pé ta lẹ fẹ́ rí? Ọwọ́ ẹ̀ lẹ̀mí wà ní ìṣẹ́jú yẹn, kò sì sí adájọ́ kankan níbẹ̀ tó ń wò ó.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní ẹni tó ń gba 70,000 náírà, iye tí òfin fi lélẹ̀ lọ́dún 2024 pé kí owó oṣù òṣìṣẹ́ má dín sí, tó wọ ọkọ̀ méjì kó tó débi iṣẹ́, ẹ̀rín wo lẹ fẹ́ kó rín? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Kí ìjọba san owó tó yẹ. Ṣùgbọ́n màmá tó ń tú etí ìró yẹn kọ́ ló ń san owó oṣù fún wọn. Ìyà tí ẹni tó wà lókè fi jẹ wá la máa ń kó fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ wa, òun náà á sì délé, á kó o fún ọmọ ọ̀dọ̀.

Àwọn mìíràn á fi igúnnugún dá mi lóhùn, pé ó ṣoore ó pá lórí, àkàlàmàgbò ṣoore ó yọ gẹ̀gẹ̀. Àwọn tó gbé ẹni tó fara pa lọ sí ọsibítù, tí wọ́n wá di ẹni tí ọlọ́pàá ń da ìbéèrè bò, wọ́n wà lóòótọ́, mi ò sì ní bá ẹni tó ń bẹ̀rù ẹ̀ wí. Àmọ́ ta ló pá lórí rí torí pé ó sọ fún arúgbó pé ìwé ẹ̀ ò pé?

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí náírà tuntun di ọ̀wọ́n gógó, oní-POS méjì ló wà ládùúgbò wa. Àwọn méjèèjì ló fowó lé e, torí àwọn náà ń ra owó ni. Àmọ́ ọ̀kan nínú wọn, ìyá ìbejì, máa ń ya ìwọ̀nba sọ́tọ̀ láràárọ̀ fún àwọn àgbàlagbà àti aboyún, ẹgbẹ̀rún méjì méjì, iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ ló sì ń gbà lọ́wọ́ wọn. Kò kọ ọ́ sórí pátákó, kò sì ya fídíò. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù dájọ́ pé ká ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún, wàhálà náà sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Títí dòní, àwọn bàbá àdúgbò wa kì í lọ sọ́dọ̀ oní-POS mìíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọsibítù, ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ géètì yín pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i, ìbéèrè á tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì, ẹ yan ẹnì kan tí á máa yẹ ìwé àwọn èèyàn wò láago mẹ́jọ àárọ̀, kí ẹni tí tiẹ̀ ò pé lè tètè máa lọ. Kẹ́ ẹ sì kọ ohun tí aráàlú gbọ́dọ̀ mú wá, ní Yorùbá, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì níta, kì í ṣe nínú lọ́hùn-ún níbi tí èèyàn á ti fi wákàtí mẹ́ta tò kó tó rí i kà. Bébà kan àti gọ́ọ̀mù ti tó.